Aago Tí Mo Yí ní Òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀

Adájọ́ ti sọ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi, ó sì káwé rẹ̀ nílẹ̀. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a nù. Ohun tó kù ni kí gómìnà buwọ́ lùwé. Ó lè ṣe é lọ́la, ó sì lè má ṣe é títí irun mi á fi funfun tán nínú sẹ́ẹ̀lì yìí. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má wulẹ̀ ṣàánú mi, n kò torí àánú sọ ọ́.

N kò ní dárúkọ mi. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi ṣì ń gbé nínú ìlú, ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò wọ́n ti tó wọn. Ẹ ṣáà máa pè mí ní Àkànní. Oríkì mi nìyẹn, Àkànní sì pọ̀ n'Íbàdàn débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ èwo ni. Wọ́dà kan ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ Èṣù ni. Mo ní rárá o. Èṣù kò wọ ilé wa lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo wọlé, mo tiẹ̀ bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.

Àrẹ̀mọ ni agbo ilé wa wà. Bàbá mi kú nígbà tí n kò tíì dá ọwọ́ ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí tòsì, ẹ̀gbọ́n wọn ló sì tọ́ mi. Bàbá Alájì ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Àwọn ló rán mi lọ sílé kéú, àwọn ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo ti kọ́ṣẹ́ aago títúnṣe, àwọn náà ló fẹ́yàwó fún mi. Tí mo bá ní wọn ò ṣe tó fún mi, irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo gbé tábìlì mi kalẹ̀ l'Ọ́jà'ba, nísàlẹ̀ òkè Mápó, mo ta agboòrùn lé e lórí. Iṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Fóònù ti gba aago lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Bátìrì ni wọ́n sábà máa ń wá pààrọ̀, tàbí okùn aago ọwọ́ tó já. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, màá máa wo àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá lọ sí Bẹẹrẹ, inú á sì máa bí mi sí wọn láìnídìí.

Aago tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí pèpéle ní pálọ̀ Bàbá Alájì. Bàbá tó bí bàbá wọn, tó ṣòwò kòkó láyé àwọn òyìnbó, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà lọ sílùú rẹ̀. Igi dúdú ni wọ́n fi ṣe é, ó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó sì wúwo. Bíi ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ: òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ewé àti òdòdó lára igi, àti ilé ìṣọ́ kéékèèké ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé fìlà idẹ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí aago náà wọlé, lèmọ́mù àdúgbò bínú, ó ní kí ni ṣọ́ọ̀ṣì ń wá nílé onímọ̀le. Bàbá àgbà ní, "Kì í wàásù, àlùfáà. Àkókò ló ń pè." Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà là ń dá àlejò lóhùn nílé wa.

Ẹ ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Agogo inú rẹ̀ rinlẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó tán létí, wọ́n sì ń gbọ́ ọ dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ọmọ ilé wa tó lè ṣì í mọ̀. Nígbà tí ojú Bàbá Alájì fọ́ tán, aago yẹn ló kù tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ọjọ́ dé. Kí ládánì tó pe ìrun, wọ́n á ti ṣe àlùwàlá, wọ́n á ti jókòó. "Aago ti sọ fún mi," ni wọ́n máa ń wí.

Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ yí aago náà, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nìkan sì ni, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Tó bá ti yí i kún, ó di Jímọ́ọ̀ mìíràn. Láti ayé bàbá àgbà ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá ò ríran mọ́, wọ́n pe gbogbo ilé jọ, wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ idẹ náà kúrò lọ́rùn ara wọn, wọ́n sì fi kọ́ mi lọ́rùn.

"Àkànní, àmánà ni o," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìẹ. Gbogbo ilé ló ni ín."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Láti ìgbà náà lèmi náà ti ń mú wọn lọ sí Jímọ́ọ̀. Wọ́n á di orí ọ̀pá wọn mú, èmi á di ìdí rẹ̀ mú, a ó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sì máa bi mí léèrè ta ló ń kí wọn.

Nǹkan kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní Jímọ́ọ̀ kan tí mo ń nu eruku ara aago, ọ̀kan nínú àwọn fìlà idẹ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù lásán ló nílò. Mo jù ú sápò pé màá tún un ṣe l'Ọ́jà'ba. Ó wà lórí tábìlì mi nígbà tí ọkùnrin kan tó wá láti Èkó dúró kó lè pààrọ̀ bátìrì aago ọwọ́ rẹ̀. Dípọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó mú fìlà idẹ náà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Bọ̀ọ̀sì, níbo lẹ ti rí eléyìí?"

"Ara aago ilé wa ló ti bọ́."

"Ṣé aago ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹnu á yà yín."

"Ẹ ta eléyìí fún mi. Mo kàn fẹ́ fi han ẹnìkan ni."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ní rárá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo tà á. Nǹkan tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí mo ti yí aago tán, Bàbá fọwọ́ tọ́ ọ lára bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọwọ́ wọn dúró.

"Àkànní, fìlà kan dà?"

"Ó bọ́ ni, Bàbá. Ó wà lórí tábìlì mi, mo fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́."

"Ó dáa. Má jẹ́ kó sọnù."

Jímọ́ọ̀ mìíràn, wọ́n tún bi mí. Òmíràn, wọ́n tún bi mí, láìbínú, bí ẹni ń béèrè ara àìyá. Ó sú mi. Mo gbẹ́ igi, mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Kò tutù bíi tàwọn yòókù."

"Gọ́ọ̀mù ni, Bàbá."

"Ó dáa náà. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Ọmọ tó mọ ìtọ́jú ni ẹ́."

Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi yé o, mo ṣe àmín sí àdúrà náà, mo sì lọ jẹun àárọ̀.

Dípọ̀ padà wá. Ó ní ẹni tóun fi fìlà idẹ náà hàn fẹ́ rí gbogbo aago. Mo ti fi fóònù yà á, mo fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Ó wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé níwèé. Ó ní àwọn tó ṣe aago náà gan-an ń sín àwọn bàbá ńlá wọn jẹ ni. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ nílùú wọn, ó ti di ohun àtijọ́, wọ́n kàn ń fẹ́ kí ojú wọn tún rí i ni.

"Mo ní ṣọ́ọ̀bù nǹkan àtijọ́ l'Ékòó," ló wí. "Èmi á máa rà, ìwọ á máa tún un ṣe. Nínú ilé tútù lo máa jókòó sí, kì í ṣe abẹ́ agboòrùn. Gbé e wá ní odidi, a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ebi kọ́ ló ń pa mí, ẹ má ṣe sọ pé ebi ni. Ó kàn wù mí kí n kúrò lábẹ́ agboòrùn yẹn, kí n dẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbi tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ikun ń ṣàn nímú mi. Nígbà tó di alẹ́ tí a jẹun tán, mo dán Bàbá wò.

"Bàbá, tẹ́nìkan bá ní òun fẹ́ ra aago yìí ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti ń béèrè kí n tó bí àkọ́bí mi. Ẹni tó bá tà á, kí ló fẹ́ sọ fún àwọn tó sùn sínú ilé yìí?" Wọ́n ń tọ́ka sí ilẹ̀, níbi tí sàréè àwọn bàbá wa wà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Jímọ́ọ̀ ni mo mú, nítorí pé ní wákàtí ìrun Jímọ́ọ̀ ilé wa máa ń ṣófo: àwọn ọkùnrin á wà ní mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin á wà lọ́jà tàbí lẹ́yìn àwọn ọkùnrin níbi ìrun. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo kírun Àsùbáà, mo wọ pálọ̀, mo sì yí aago. Mo yí i kún dáadáa. Ìṣe ọwọ́ ni, Jímọ́ọ̀ ti mọ́, ọwọ́ mi sì wá kọ́kọ́rọ́. N kò rò ó rárá pé aago tí mo fẹ́ jí ni mo ń fún lágbára. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kó lè yé yín: aago náà ò ní ohun tó ń fì sọ́tùn-ún sósì bíi tàwọn aago ògiri. Irin róbótó kékeré kan ló ń yí nínú rẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ dì í, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò ní torí ẹ̀ dúró.

Mo sọ fún Bàbá pé oníbàárà kan ń dúró dè mí ní Dùgbẹ̀, pé Tàfá, ọlọ́kadà tó háyà yàrá lẹ́nu géètì wa, ló máa gbé wọn lọ.

"Lórí ọ̀kadà? Èmi?"

"Kò ní sáré, Bàbá."

"Ó dáa. Tètè máa bọ̀."

Mo jáde, mo fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan títí mo fi gbọ́ tí wáàsí lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn. Mo padà wọlé, mo bọ́ bàtà, mo gbé aago kúrò lórí pèpéle, mo rọra kì í sínú àpò ìrẹsì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá.

"Ta nìyẹn?"

Bàbá ò lọ. Tàfá ló ṣàlàyé ẹ̀ nílé ẹjọ́. Ó ní Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọ̀kadà, wọ́n tún gbé e kúrò, wọ́n ní bí kì í bá ṣe Àkànní ló ń mú àwọn lọ, àwọn á kírun àwọn nílé.

Mo dúró sójú kan. Wọ́n jáde wá, ọwọ́ wọn wà níwájú, wọ́n fi ń tọ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n dé ibi pèpéle. Mo rí ọwọ́ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí igi tó ṣófo, mo sì gbé aago mọ́ àyà bí ọmọ. Mo fẹ́ yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àpò náà ha wọn lára, wọ́n sì gbá apá mi mú. Arúgbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn le. Wọ́n figbe ta.

"Àkànní! Àkànní o! Wọ́n ń gbé aago lọ! Àkànní, gbà mí!"

Apá mi ni wọ́n dì mú, èmi náà sì ni wọ́n ń pè. N kò lè dáhùn, torí ohùn mi ni wọ́n máa fi mọ̀ mí. Mo fa apá mi, wọn ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ọ̀pá wọn fara ti ògiri. Mo gbé aago kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà fọ́, mo nawọ́ mú ọ̀pá náà níbi ìdí tí mo máa ń dì mú, mo sì là á mọ́ wọn lórí. Wọ́n tún pe Àkànní lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn ti lọ sílẹ̀. Mo tún là á mọ́ wọn. Ọwọ́ wọn tú lápá mi.

Mo gbọ́ tí Ìyá Sàbú, opó àgbàlagbà tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé, ń wúkọ́ bọ̀. Kò sáyè láti gbé àpò jáde mọ́. Mo gbé e sínú yàrá mi tó wà lápá ọ̀tún àgbàlá, mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde lọ sí ọ̀nà Bẹ́yẹrúnká. Nígbà tí ẹkún sọ ni mo sáré dé, mo ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Sàbú gbá mi mọ́ra.

"Ìwọ ló ń pè, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Ìwọ ló ń pè."

Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìpẹ̀ fún mi. Wọ́n ní olè ló wọlé, olè ló gbé aago. Mógàjí, olórí agbo ilé wa, ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé bàbá òun lọ sí ọsibítù kí wọ́n lọ là á. A ó sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo mi orí sí i ju gbogbo wọn lọ.

Wọ́n ní kí n wá bomi síbi orí nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, torí èmi ni ọmọ àyà wọn. Mo fọ ojú ọgbẹ́ tí mo dá sí wọn lórí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Aago náà kún. Ó ti ní láti lu nínú yàrá mi, ẹkún ló bò ó mọ́lẹ̀. Ó sì tún máa lu. Mo ní mo fẹ́ lọ mú nǹkan nínú yàrá, Mógàjí di èjìká mi mú.

"Dúró ti bàbá ẹ," ló wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú o, ó fẹ́ kí n farabalẹ̀ ni.

Nígbà tí a kírun Alásárì tán, wọ́n gbé òkú sí àgbàlá, a tò ní sàfù lẹ́yìn lèmọ́mù láti kírun sí wọn lára. Wọ́n ti mú àwọn obìnrin wọlé, ẹkún ti dákẹ́. Ẹ mọ bí ìrun òkú ṣe rí: kò sí ìtẹ̀ba, kò sí ìforíkanlẹ̀, ìdúró ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹnu sì ń mì. Lèmọ́mù kábárá lẹ́ẹ̀kẹta pé Ọlọ́run ló tóbi jù, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìdáríjì fún Bàbá nínú ọkàn rẹ̀. Aago lu.

Ó lu nínú yàrá mi, ó rinlẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó tán. Ó tún lu. Ó lu márùn-ún pé. Kò sẹ́ni tó mira, torí èèyàn kì í já ìrun. Mógàjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ yí padà. Mo ká ọwọ́ sáyà, mo ń wo aṣọ funfun tí wọ́n fi dì wọ́n. Mo lè sá. N kò tiẹ̀ mọ ìdí tí n kò fi sá. Lèmọ́mù kábárá kẹrin, ó sì sálámà láti parí ìrun. Gbogbo wa yíjú sọ́tùn-ún bó ti yẹ. Apá ọ̀tún ni yàrá mi wà. Kò sẹ́ni tó yíjú kúrò níbẹ̀.

Mógàjí nawọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Mo bọ́ ọ fún un. Okùn kan náà ni kọ́kọ́rọ́ yàrá mi àti kọ́kọ́rọ́ aago wà. Ó wọlé, ó gbé aago jáde, fìlà onígi tí mo kùn ní ọ̀dà ti ṣí kúrò lórí rẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa lù mí pa. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Ìyá Sàbú jáde láti inú ilé, wọ́n wo aago, wọ́n wò mí.

"Ìwọ ló ń pè," ni wọ́n wí.

Wọ́n sin Bàbá sínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá wọn. Gbogbo ọmọ ilé bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bu tèmi, Mógàjí ní yẹ̀pẹ̀ ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, wọ́n ti fokùn dè mí lọ́wọ́, títí wọ́n fi bò wọ́n tán tí ọlọ́pàá fi dé.

Ẹ lè máa béèrè Dípọ̀. Nọ́ńbà tó fún mi ò lọ mọ́. Ó ti lọ bá ẹlòmíràn níbòmíràn, mo mọ̀. Ìyàwó mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ilé ẹjọ́ ti dá aago padà, ó ti wà lórí pèpéle, ṣùgbọ́n kò lù mọ́. Kò sẹ́ni nínú ilé tó fẹ́ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa tún wá. Ó ń nu ojú ọmọ tó gbé dání.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lábẹ́ agboòrùn tí ayé ẹlòmíràn ń wù yín, mo mọ bó ṣe ń rí nínú ikùn. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe àmánà fún yín, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ náà. Ẹ má jù ú sápò. Mo ti rò ó títí, n kò rí ibòmíràn tí mo ti lè yà padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má tọ ọ̀nà mi. Kò sí ìdáríjì lópin rẹ̀, torí ẹni tó lè dárí jì mí ni mo pa.

Kò sí aago nínú sẹ́ẹ̀lì yìí. Síbẹ̀, tí Jímọ́ọ̀ bá mọ́, ọwọ́ mi á máa wá ọrùn mi. Màá sì gbọ́ ọ, ketekete: Àkànní, gbà mí. Mo ti ń dáhùn báyìí. Mo máa ń ní, "Èmi nìyí, Bàbá." Àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì kejì ti ń gbọ́ ọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pè mí.